Àkùkọ Tí Ń Jẹ́ Àjàní

Bẹnsíìnì àti awọ gbígbẹ ni yàrá náà máa ń rùn, pẹ̀lú káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, àti iyọ̀ òkun tí atẹ́gùn ń gbé wọlé láti ìhà wáàfù tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Lómé yìí, tí òórùn bẹnsíìnì sì gbà mí nímú, yàrá yẹn náà ni ojú mi máa ń rí: pákó mẹ́ta tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àṣíborí irin àwọn ológun lórí wọn bí igbá lórí àtẹ, àti káàdì funfun kan níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ àwọn káàdì náà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà lọ́dọ̀ àwọn fadá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ìdí sì nìyẹn tí yòvó, òyìnbó tó ni yàrá náà, fi gbà mí síṣẹ́. Ilé ìtajà ńlá kan létí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, àmọ́ àṣíborí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn tìráyọ̀, àwọn ọmọ wa tí Faransé kó lọ jagun, ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí gbé, òun náà sì ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé kásíkì ni gbogbo àṣíborí irin ń jẹ́ nígboro, ohun yòówù kí ó jọ. Lẹ́nu yòvó mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀gágun tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀ ni yóò dá, yóò wá fi ọdún tí wọ́n rọ ọ́ kún un, yóò sì máa pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ ìyàwó. Àwọn sójà wa ní tiwọn. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, awo onífárí ni wọ́n ń pè é. Ti Jámánì, tó ya etí bo ọrùn, garawa èédú. Ti Amẹ́ríkà, ìkòkò, nítorí wọ́n máa ń yọ ìpele òde rẹ̀ fi se omi, wọn a sì fi omi náà bọ́jú. Ti Faransé àtijọ́, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dìde láàárín orí rẹ̀ bí ogbe, àkùkọ ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ràn orúkọ wọ̀nyí ju ti yòvó lọ. Mo tilẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan bóyá kí n kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ káàdì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ẹ̀fẹ̀ àwọn sójà ni. Mo gbà á gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Sójà kan ń gbé nínú agbo ilé wa nígbà náà, ayálégbé ìyá mi, ọmọ Kétu ní Dàhọ̀mì. Ẹ̀gbọ́n sójà ni gbogbo wa ń pè é. Ìbọn ti bá a lẹ́sẹ̀, egbò náà kò sì jinná tán. Ó ń dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, kí àwọn ará ọ́fíìsì sì fún un ní ìwé ìrìnnà tí yóò fi padà sílé. Àkùkọ kan wà lórí ìṣó níbi tó ń gbé orí sí. Ó máa ń fi òrí pa awọ inú rẹ̀, a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Àjàní ló ń pè é. “Àjàní, òjò ń bọ̀ o.” “Àjàní, wọ́n tún ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Àwa a máa rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé bí ẹlòmíì ṣe ń pe tirẹ̀ ní ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń pe tirẹ̀ ní Àjàní. Nígbà tí egbò ẹsẹ̀ náà tún ṣí, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó di ọwọ́ ìyá mi mú.

“Ìyá, ẹ bá mi mójú tó Àjàní. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”

“Irin ò kúkú lẹ́sẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Ibi tó o fi í sí lo máa bá a.”

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni yòvó mi sọ pé àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ wá wo àṣíborí òun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní àkùkọ méjì, àmọ́ awọ inú wọn ti jẹrà, ó sì ń kanra kiri ilé. Mo ní mo mọ ibi tí ọ̀kan tó pé wà. Mo lọ yọ ọ́ kúrò lórí ìṣó lọ́sàn-án gangan nígbà tí ìyá mi wà lọ́jà. Mo sọ fún ara mi pé mo yá a ni, pé n óò dá a padà kí ẹni tó ni ín tó dé. Àmọ́ jẹ́ kí n pe nǹkan bó ṣe ń jẹ́: mo jí i.

Yòvó fún mi ní bẹnsíìnì pé kí n nù ún kó mọ́. Mo tú okùn tó so awọ inú rẹ̀ pọ̀, nǹkan kan sì já bọ́ sórí itan mi: aṣọ kékeré tí wọ́n ká, tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa. Mo tú u. Irun orí ènìyàn ni, pẹ̀lú èékánná mélòó kan. Ká ní ọmọ yòvó ló rí i, ì bá kàn máa wò ó. Èmi ọmọ Yorùbá, a ti tọ́ mi mọ́ ìtàn sójà tó ní oògùn tí ọta kì í fi í ràn án. Mo ní ẹ̀gbọ́n sójà, ohun tó gbé e bọ̀ láàyè láti ojú ogun rèé! Mo fi ewé dì í, mo gbé e lọ sí orí iyanrìn, mo jù ú sínú ìgbì, mo bọwọ́ nígbà mẹ́ta, mo sì kúrò níbẹ̀ láìwẹ̀yìn. Nígbà tí mo padà, yòvó pe ohun tí n óò kọ sórí káàdì fún mi: orúkọ ọ̀gágun náà, ọdún rẹ̀, àti ní ìsàlẹ̀, “a kò mọ ẹni tó ni ín.” Mo kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ gún régé.

Ọjọ́ Ìsinmi náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n sójà tiro dé láti ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọ̀pá, bí a ṣe ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́. Ó wo ìṣó. Ìyá mi wò mí.

“Àbúrò, Àjàní dà?”

Mo sọ ibi tó wà. Kò pariwo. Ó ní, “Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo rò pé oògùn ni. Mo sọ ọ́ sókun.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ó figbe ta pé, “Ẹ̀tà ni! Ẹ̀tà ni ọmọ yìí lọ dànù!” Ìwọ mọ̀ ọ́n: bí ẹnì kan bá kú sí ẹ̀yìn odi, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé, wọn a sì sin ín bí wọ́n ti ń sin òkú gan-an. Ẹ̀gbọ́n sójà ló wá sọ ìyókù: Àjàní kì í ṣe orúkọ irin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ Àjàní, wọ́n jọ kúrò ní Kétu lọ́jọ́ kan náà, ó sì kú lórí itan rẹ̀ nínú yìnyín ilẹ̀ Faransé. Àwọn sójà Kétu tó wà níbẹ̀ bára wọn ṣàdéhùn pé ẹni tó bá gbé àkùkọ òkú, orúkọ òkú náà ni yóò máa pè é títí yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di irin lásán. Èmi gbọ́ orúkọ náà lójoojúmọ́, mo sì rò pé eré ni.

Ẹ̀gbọ́n sójà fi ọ̀pá rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde. “Dìde, akọ̀wé ilé yòvó. Ká lọ mú ohun tó kù.”

Àwọn àlejò wà lórí fàràńdà, bíi mẹ́fà, wọ́n ń mu nǹkan tútù. Yòvó mi dúró láàárín wọn, ó gbé àkùkọ náà lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n sójà dúró gbọnrangandan nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kí i lédè Faransé pé, “Bọ́ńjúù, mùsíọ̀.” Ó wá yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá: “Wí fún un pé ọ̀rẹ́ mi ló gbé lọ́wọ́ yẹn. Mo wá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní lédè Faransé pé ọkùnrin yìí ń bẹ yín, ẹ jọ̀wọ́, bó bá wù yín, kí ẹ jẹ́ kí òun tún rí kásíkì òun. Yòvó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ fún un pé òun yóò fún un ní owó tó dára. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, olórí ọ́fíìsì kan, bèèrè bóyá ọkùnrin náà ní ìwé ẹ̀rí lórí ẹrù ìjọba, àbí kí wọ́n pe gádì wá mú un.

Ẹ̀gbọ́n sójà kò wò wọ́n. Èmi ló ń wò. “Àbúrò, Faransé mi ò pọ̀, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá ń fi mí tọrọ nǹkan. N kò tọrọ. Sọ ohun tí mo sọ.”

N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Mo gun àtẹ̀gùn náà, èmi tí n kì í gùn ún àyàfi bí wọ́n bá pè mí. Mo mú káàdì kúrò lórí tábìlì, mo kà á sókè ketekete dé ibi tí mo ti kọ pé a kò mọ ẹni tó ni ín. Mo ní, “Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ẹni tó ni ín ń jẹ́ Àjàní. Ilẹ̀ yín ló kú sí, nínú ogun yín. Èmi ni mo jí i gbé wá síbí. Bí ẹ bá fẹ́ pe gádì, ẹ pè é, èmi ni kó wá mú.” Mo ya káàdì náà sí méjì níṣojú wọn.

Yòvó pọ́n bí ata. Ó ní n kò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́ nínú ìlú yìí.

“Ìlú yìí kọ́ ni yàrá yín, mùsíọ̀,” ni mo wí. Ẹnu mi ló ti jáde. N kò mọ ibi tí mo ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n sójà ti gun àtẹ̀gùn dé ẹ̀gbẹ́ mi, àtẹ̀gùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí yòvó fi gbé àkùkọ náà lé e lọ́wọ́. Wọn kò pe gádì. Dòní n kò mọ ìdí rẹ̀. Ní òde, ẹ̀gbọ́n sójà ní, “Má rò pé mo ti dárí jì ọ́.” Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Lọ di ẹrù rẹ. Ẹnu rẹ ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀.”

A kò dúró de ìwé ìrìnnà mọ́. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ànẹ́hó, a wọ lọ́rì títí dé Kútọnu, a gba Àjàṣẹ́ dé Pọ́bẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni parí èyí tó kù dé Kétu, tòun ti ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n sójà tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá Àjàní jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ nígbà tí a wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ìṣó dé inú òkun. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Kò bú mi. Ó gba àkùkọ náà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó na ìka rẹ̀ yí awọ náà ká.

“Ṣé ó bá a lórí mu?”

“Ó há a díẹ̀, Ìyá,” ni ẹ̀gbọ́n sójà wí. “Ó máa ń ráhùn pé ó ń pa òun létí.”

“Orí bàbá rẹ̀ ni!” Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ sínú irin náà.

Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn àgbà agbo ilé ní a kì í sin irin yòvó bí ẹni sin ènìyàn. Kò sí irun, kò sí èékánná, ẹ̀tà wo nìyẹn? Baálé ní, “Ìyàwó wa, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú àṣà.” Obìnrin náà dìde dúró, àkùkọ náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. “Ta ló bí orí tó wọ inú rẹ̀? Èmi ni. Òógùn orí ọmọ mi ti mu inú awọ yìí, bẹnsíìnì yòówù tí wọ́n ì báà fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá gbẹ́ ilẹ̀, n óò gbẹ́ ẹ fúnra mi.” Baálé ní kí wọ́n mú ọkọ́ wá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n sójà ń bọ̀ wá gbé e, àmọ́ obìnrin náà fọwọ́ dá a dúró, ó nawọ́ sí mi.

“Ìwọ tó o gbé e jáde, ìwọ ni kó o gbé e wọlé.”

Mo gbé e wọlé. Mo rò pé yóò fúyẹ́.

Ohun tí mo jù sókun wà nínú òkun, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Ní báyìí, iwájú àtẹ ìyá mi ni mo ń jókòó sí, mò ń bá àwọn tìráyọ̀ àti àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò padà kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ológun. Àwọn ará ọ́fíìsì ní nọ́ńbà ológun nìkan ni àwọn ń fẹ́ lókè ìwé. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo máa ń kọ síbẹ̀, nọ́ńbà a wá wà nísàlẹ̀. Wọn a dá ìwé náà padà. Èmi náà a tún un kọ, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.