Wọ́n Ní Kaisu Kò Ní Etí Iṣẹ́

Ẹ má bi mí bóyá Kaisu Rautiainen mọ iṣẹ́. Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ ju èmi Aulis lọ, ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ọkùnrin tó wà níléeṣẹ́ pépà wa létí odò Kymi lọ. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí náà ni mo sì jókòó sórí àga tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọlé. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń fò dé òkè. Ipò ẹni kẹfà lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ: ìwọ lo máa gbá pépà tó bá já, ìwọ ni wọ́n máa rán níṣẹ́ kiri. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó fẹ̀yìn tì, gbogbo yín á sún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Kaisu fi sún dé ipò ẹni kejì. Nínú rẹ̀, ó fi ọdún méjì lọ sílé ẹ̀kọ́ tí iléeṣẹ́ dá sílẹ̀. Tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á gun kẹ̀kẹ́ nínú yìnyín lọ kọ́ nípa ooru, nípa omi, àti bí igi tí wọ́n lọ̀ bí ògì ṣe ń di pépà. Èmi ni ẹni kẹta, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ohun kan ṣoṣo ló kù fún un: àga ọ̀gá ẹ̀rọ, tí obìnrin kankan ò tíì jókòó sí rí níléeṣẹ́ wa.

Bàbá Sulo Hakkarainen ló wà lórí àga ọ̀hún. Bàbá yìí kì í kọ́ni. Kò sí ẹni tó kọ́ òun náà, kí ló dé tó fi máa kọ́ ẹlòmíì?

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dín ooru kù níbí?"

"Ojú ẹ ńkọ́? Ṣé ilé lo gbé e sí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Kaisu ṣe fi ojú jí iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó le jù ni ọ̀pá. Bí rólù pépà, ìyẹn pépà tí ẹ̀rọ ń ká jọ, bá kún, tó tóbi ju màlúù lọ, ọ̀gá ẹ̀rọ á mú ọ̀pá igi kékeré kan, á máa gbá a láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Bó bá le dọ́gba, á máa dún kọ́, kọ́, kọ́. Ibi tó bá rọ̀ á dún bù. Rólù tó rọ̀ lápá kan á já mọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn lọ́wọ́, wọ́n á sì bú wa. Kaisu ń fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá gbogbo nǹkan kiri, títí kan búrẹ́dì dúdú tó gbé wá síbi iṣẹ́.

"Kaisu, ó ti jinná o!" la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Jẹ ẹ́ jàre!"

Àṣírí kan wà tí a jọ ń bò. Ariwo ẹ̀rọ ti jẹ etí Bàbá Sulo tán. Ó ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì, bí fọ́ọ̀mán bá sì gbọ́, wọ́n á lé e lọ sí àgbàlá tí wọ́n ń to igi sí, owó oṣù rẹ̀ á wálẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì náà á sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Àwa ọkùnrin ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà nínú sọ́nà, yàrá ooru tí a ti ń làágùn, tí a ti ń wẹ̀, ní ìhòòhò, a ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá, kò léèyàn mọ́ nìyẹn. Èmi ni wọ́n yàn pé kí n máa dúró lódìkejì rólù. Bó bá dún bù, kí n fọwọ́ kan fìlà mi. Bàbá á rí i, á ní, "Ó rọ̀ níbí." Kò sẹ́ni tó sọ fún Kaisu, torí obìnrin kì í bá wa wọ sọ́nà, àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi mọ̀. Òun náà bá wa bò ó.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò Kaisu fún àga ọ̀gá ẹ̀rọ bọ́ sí. Mo rántí torí ọbẹ̀ ẹ̀wà tí a máa ń jẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ la jẹ lọ́sàn-án. Fọ́ọ̀mán Ahlfors gbé fáìlì sábẹ́ abíyá, ó dúró tì í fún wákàtí mẹ́jọ. Pépà já lẹ́ẹ̀kan. Kaisu fọwọ́ ara rẹ̀ ju etí pépà náà padà sáàárín irin, irin sì gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Sulo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò rí rí.

Ó wá ku rólù. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á gbá a, á kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé fún fọ́ọ̀mán, ọ̀gá ẹ̀rọ á sì gbá a tẹ̀lé e. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá bára mu, ó ti yege. Kaisu gbá a. Kọ́, kọ́, kọ́, bù. Mo gbọ́ ọ kedere. Ó kọ̀wé.

Bàbá Sulo gba ọ̀pá. Nígbà tó dé ojú ibi tó rọ̀, ó gbójú sókè wò mí. Fìlà wà lórí mi, ọwọ́ mi wà lápò. Ohun tí mo rò kò ju pé bí obìnrin yìí bá kùnà, èmi ló kàn. Ọwọ́ ọ̀hún ò jáde.

"Ó le dáadáa," Bàbá ní. "Látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Ahlfors ṣíjú wo ìwé. "Kaisu, ìwọ kọ ọ́ pé ó rọ̀. Ṣé o gbọ́n ju ọ̀gá ẹ lọ ni?"

Kaisu wo Bàbá, ó wo èmi. Gbólóhùn kan péré ló máa gbà á là: ẹ bi Bàbá bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́ràn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. "Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ," ló sọ. Ahlfors fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ; ó kùnà nìyẹn.

Rólù ọ̀hún ńkọ́? Èmi fúnra mi ni mo fi kréènì gbé e, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fara gbá irin, mo sì dà á padà síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ pépà tó bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbá a mọ́. Ìkà ni mí, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Sulo fẹ̀yìn tì, tí àga rẹ̀ sì di tèmi, a jẹ kéèkì, ó sì dìde sọ̀rọ̀. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Kaisu, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í ṣojo. Etí iṣẹ́ nìkan ni kò ní." Gbogbo àwa ọkùnrin tẹjú mọ́ inú ife wa. Kaisu lọ bá a, ó pariwo sí i létí kó lè gbọ́: "Ẹ ṣeun, Bàbá!"

Ó bá mi níbi tí a ń kọ́ ẹ̀wù òtútù sí.

"Aulis, jọ̀ọ́, rólù ọjọ́ yẹn, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ti ń ṣe mí bíi pé bóyá lóòótọ́ ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò ní bínú, kàn sọ fún mi."

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó mi orí. "Ó dáa, ọ̀gá." Òun lẹni àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí rólù bá ti kún, ṣe ló máa ń yẹra títí n ó fi gbá a tán.