Fìlà Méje Lórí Kan

Lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dá ẹṣin dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Alágídí, aránfìlà, tó sì ní kó ṣí fìlà, bàbá ṣí i. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn náà. Òmíràn tún wà níbẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?" ni ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ wí.

"Òfin ni mò ń pa mọ́, ọmọ mi. Ẹ ṣe sùúrù, ó ku márùn-ún."

Òfin ọ̀hún kò tíì pé oṣù kan: ọkùnrin tí kò bá ṣí fìlà fún ajẹ́lẹ̀ yóò jẹ ẹgba mẹ́fà, wọn yóò sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kí ẹnikẹ́ni má baà dọ́gbọ́n, ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹṣin òun kò ní í kúrò lójú kan títí gbogbo orí yóò fi wà láìbò. Ó gbàgbé láti kọ iye fìlà.

Aránbàtà kan ń wò wọ́n láti òdìkejì ọ̀nà. Ọdún mẹ́rin ni òun àti bàbá kò ti kí ara wọn, nítorí ìjà lórí gọ́tà àárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹgba mẹ́fà ṣì ń ta á lẹ́yìn, àgádágodo ìjọba sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ajẹ́lẹ̀ ṣe lọ tán, ó sọdá.

"Ẹ rán méje fún mi."

"Orí ìwọ yìí? Aṣọ mi ò ní í tó."

"Bàbá, ẹ rán an."

"Gọ́tà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ajẹ́lẹ̀ ná. Gọ́tà ò ní í sá lọ."

Alágbẹ̀dẹ wá, káfíńtà wá. Àwọn tí kò jọ sọ̀rọ̀ rí ń yá ara wọn ní abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ tún jáde, ojú ọ̀nà ti kún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà. Ẹnì kan á ṣí ọ̀kan, á gbọn eruku rẹ̀, á ká a, á béèrè àlàáfíà ìyàwó aládùúgbò, kó tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹṣin sùn. Ọ̀sán pọ́n. Nígbà tí òógùn bo ajẹ́lẹ̀, ó ṣí àkẹtẹ̀ tirẹ̀, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ káre," ni Bàbá Alágídí wí. "Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n ṣí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n fagi lé òfin, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn aránbàtà. Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé: "Ó yá, ọ̀rọ̀ gọ́tà."

Ogún ọdún ni wọ́n fi jà á, lórí àwo oúnjẹ kan náà. Bí bàbá bá sì ń sọ ìtàn náà, fìlà á di mẹ́sàn-án, á di méjìlá.

"Méje ni o," ni aránbàtà á wí.

"Ìwọ ni wọ́n nà, èmi ni mo rán an. Ta ló yẹ kó mọ iye rẹ̀?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, orí aránbàtà ni gbogbo àdúgbò ń wò. Wọ́n ń retí méje. Fìlà kan ṣoṣo ló dé wá. Ó ti ṣí i kí pósí tó yọ, kò sì dé e padà títí wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ bò ó tán.