Ata Tó Ń Tẹríba ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Lọ́dún 1991, ìròyìn gba Inísà dé Òkukù pé ata Ìyá Ọláìtán ń tẹríba fún Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ìyá Ọláìtán, àgbẹ̀ ata, mọ̀ pé nítorí ewúrẹ́ lòun ṣe gbé abọ́ ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pamọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo wọn gùn tín-ín-rín, wọ́n tẹ̀ síhà fèrèsé, ewé wọn pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ó yí abọ́ náà padà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n tún ti kọjú sí fèrèsé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún Wòlíì Jọláyẹmí, olórí ṣọ́ọ̀ṣì náà, pé, "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí wọn ò bá rí oòrùn, n ò ní rí ata gbìn lọ́dún yìí."

"Ẹ jẹ́ kó di Sọ́ńdè! Àwọn ará Ìkìrun ń bọ̀ wá wò ó."

"Ṣé ẹni tí ebi ń pa lẹ ń pè ní olùjọsìn?"

"Ẹ fẹ́ fi ògo Ọlọ́run se ọbẹ̀!"

"Ọlọ́run tó dá ata ló dá oòrùn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ríra wọn."

"Ìyá Ọláìtán, iṣẹ́ ìyanu kì í..."

Abọ́ ti dé orí Ìyá Ọláìtán. Ó ń kọrin ìyìn jáde sínú oòrùn, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, Wòlíì ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.