Ọ̀sán Tí Mo Tún Ojú Màmá Mi Yà

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí n tó di pásítẹ́lì mú fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé ní Dagenham nílẹ̀ òyìnbó, ọ̀sán Túsìdeè nìkan ni mo sì máa ń ráyè. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán yẹn, mo sá òjò wọ inú láíbìrì, mo bá àwọn èèyàn mẹ́fà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń ya àwòrán, ọwọ́ gbogbo wọn dọ̀tí bíi ti ọmọdé. Tíṣà wọn fa àga fún mi. Bàbá òyìnbó kan ni, tó fi ọgbọ̀n ọdún kun ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò bi mí bóyá mo mọ àwòrán yà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ pa bébà wò ná.

Bébà náà kò dán. Ó ń họ ni lọ́wọ́ díẹ̀, bí ara pátákó tí káfíńtà kò tíì fá. Bàbá ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀, inú wọn ni àwọ̀ ń wọ̀ sí. Pásítẹ́lì fúnra rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù ú lọ, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì máa bo ìka ẹni. Mo fa ìlà kan, ó pọ́n bí epo. Orí mi wú.

Nígbà tí màmá mi fi máa dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, láti wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Goresbrook, mo ti lo ọdún kan nínú kíláàsì náà. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Aládùúrà sì ni wọ́n láti kékeré. Mo ní mo fẹ́ yà wọ́n nínú sùtánà wọn.

"Ṣé fótò ò sí mọ́ ni?" ni wọ́n bi mí.

"Fótò wà, Màmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é."

Wọ́n kàn ní kí n gbé áyọ́ọ̀nù wá.

Wọ́n jókòó fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bébà dúdú ni mo lò. Ojú wọn kò fún mi ní wàhálà púpọ̀, sùtánà ló dá mi lágara. Funfun tí mo fi yà á kàn le gbagidi, bí ọ̀dà ara ògiri. Mo gbé e lọ bá tíṣà.

"Gbogbo ọdún tí mo fi kun ọkọ̀," ó ní, "mi ò rí funfun tó jẹ́ funfun lásán rí. Padà lọ wo ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po."

Mo padà lọ wò ó. Òótọ́ ni: búlúù wà níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po, àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ wà ní èjìká tí oòrùn ń bà, elésè àlùkò sì wà lábẹ́ apá. Mo fi gbogbo wọn sí i. Màmá mi dìde wá wò ó, ojú wọn sì le.

"Ta ló ta aró sí mi láṣọ?"

Mo ní kí wọ́n wo apá sùtánà tó wà lọ́rùn wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. "Hẹn-ẹn," wọ́n ní. "Búlúù ni mo kúkú máa ń fi ṣan án. Ojú rẹ là, ọmọ yìí."

Kíláàsì wa fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ wa sí láíbìrì. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi sì fi ẹ̀rín pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti bá ọ nu eruku ara àwòrán yẹn. Eruku ti bò mí lójú, mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o ráyè."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti fi àkísà nu ojú ara wọn kúrò lórí bébà.

"Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

Ó wù mí kí n purọ́. "Ẹ ti nù ún díẹ̀, Màmi."

Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Mo gbé bébà náà lọ sí ojú fèrèsé. Àkísà ti kó èyí tó wà lókè lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọnú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn kò kúrò. Iwájú orí wọn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn náà wà, ó kàn ṣá ni.

"Ẹ dìde, Màmi. Ẹ wọ sùtánà yín."

Wọ́n tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ṣe ojú fótò mọ́. Ẹnu wọn ń gbọ̀n díẹ̀, èmi ni wọ́n sì tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó bí. Ojú yẹn ni mo yà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò ní fi ìtìjú bò ó: iṣẹ́ náà dára.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Bàbá tíṣà fọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. "Èmi ò lè ya funfun yẹn," ó ní. Àwọn ará ìjọ wa wá láti Barking. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan, tí kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé, nu omi ojú rẹ̀, ó ní màmá màmá òun ni òun rí. Màmá mi dúró ti férémù náà, wọ́n ń sọ fún òyìnbó àti Yorùbá: "Èmi nìyí. Ọmọ mi ló yà á."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ àwòrán náà.

"Kí ló dé tí orúkọ rẹ rí bí èèrà? Ṣé o jí i ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ màmá mi ò ṣeré. Tíṣà bá mi ṣí gíláàsì, mo sì tún orúkọ mi kọ gàdàgbà. Màmá mi fẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó láti ibẹ̀, wọ́n sì mi orí.

"Ó tó báyìí," wọ́n ní.