Òmìnira Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kò Gbà

Nígbà tí mo wà ní ìwọ̀n yín, ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọbìnrin bíi tèmi, ní agboolé tó kọjú sí tiwa ní Ẹdẹ níbí. Òun ni mo rántí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo wá kí yín ní kíláàsì, tí mo bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe. Púpọ̀ nínú yín ló dárúkọ iṣẹ́ tí bàbá fẹ́ tàbí èyí tí màmá fẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ máa tún ọkọ̀ ṣe, ni ẹ̀yin yòókù bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n bá yín rẹ́rìn-ín.

Láyé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ló pọ̀ ní ìgboro. Kì í ṣe Márúwá tó ń gbé yín wá sílé ìwé ni mò ń wí o. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀kan tí wọ́n fi ń lọ sóko ní Alájue. Bí táyà rẹ̀ bá jò, ọ̀rẹ́ mi ló máa ń tì í lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ọdán, nítòsí ilé ìwé wa. Bó bá lọ, kì í tètè dé. Yóò lóṣòó ti ọ̀gá, yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń ki túùbù bọ inú omi láti wá ibi tó ti ń hó.

Nígbà tí a jáde ìwé mẹ́fà, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ yẹn lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ. Bí epo dúdú bá ti wọ ìdí èékánná rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi sá wálé."

Kò sá o. Ọdún gorí ọdún, ọ̀rẹ́ mi wà lábẹ́ igi ọdán. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń pè é ní Ìyàwó Ṣéènì. Yóò ní, "Ẹ máa pè é lọ. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ọkọ yín bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi náà lẹ ó tì í wá." Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí òun bá tún rímù kan ṣe, tó ń yí geere láìgbọ̀n, inú òun a dùn bí ẹni tó jẹun yó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí gbọ́dọ̀ gba òmìnira, èyí tí ẹ̀ ń pè ní fírídọ́ọ̀mù. Nígbà náà, bàbá ẹni ni yóò dúró níwájú ọ̀gá, yóò dúpẹ́, ọ̀gá yóò gbàdúrà, yóò sì gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí wọn kò ṣe é fún kò lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àwọn oníṣẹ́ yòókù kò ní í gbà á mọ́ra.

Ọjọ́ ọ̀rẹ́ mi pé. Wọ́n tẹ́ ẹní lábẹ́ igi ọdán, wọ́n gbé obì àti ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wọ agbádá láàárọ̀, àfi bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣe yà wọ́n nílé. Ọ̀kan ní, "A gbọ́ pé ọmọkùnrin rẹ fẹ́ gba òmìnira lónìí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá bọ́ agbádá, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ tí ọmọ yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, wọ́n gba oko Alájue lọ.

A dúró títí wọ́n fi kírun Aláásárì. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dá a sílẹ̀. Èmi náà ni mo bí i."

Ọ̀gá ní, "Mo mọ̀, ìyá. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a sílẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, wọn á ní mo gba ọmọ olọ́mọ. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n wá. Sípáná rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Wọ́n bẹ bàbá títí, wọn kò gbà. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi lọ sílé ọkọ ní Àrá, ọ̀gá sì kú láì tíì gbé sípáná náà lé e lọ́wọ́.

N kò ní í purọ́ fún yín pé ebi pa ọ̀rẹ́ mi. Ó ta èlùbọ́, ó tọ́ ọmọ, ọkọ rẹ̀ sì ṣènìyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, a jókòó síwájú ilé, à ń tàkúrọ̀sọ, ni àgbẹ̀ kan bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ṣéènì rẹ̀ ń ró kẹkẹkẹ. Ọ̀rẹ́ mi fi ojú tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi yà ní kọ́nà, ìka rẹ̀ ń yí lórí itan bí ẹni tó di sípáná mú. Ìgbà tó yá ló wá yíjú sí mi: "Kí la ń sọ ná?"

Ó ti di olóògbé báyìí. Ayé sì ti yí. Obìnrin kan ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta Sẹ̀kọnà, àwọn oníbàárà ń tò dè é, kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àfi èmi tí mo máa ń dúró wò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ìyá pàápàá ti ń dúró fún ọmọ níwájú ọ̀gá lónìí. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni kò yí. Ẹ̀rín ló lé bàbá ọ̀rẹ́ mi lọ sóko, ẹ̀yin ọmọ mi, òun náà ni mo sì gbọ́ ní kíláàsì yín.

Ìwọ tí o fẹ́ máa tún ọkọ̀ ṣe, mo rí i pé o tẹrí ba. Gbé orí sókè. Bí ọjọ́ òmìnira rẹ bá pé, tí wọ́n tẹ́ ẹní, tí ẹni tí ò ń retí kò dé, ránṣẹ́ sí mi. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì lè dúró.