Ìbọn Tó Ń Làágùn

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń ro àdín sínú ìbọn àtijọ́ tí mo fẹ́ rà, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí àgbẹ̀dẹ kan ní Ute, níbi tí ìfẹ́ ìbọn ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lára.

Ọ̀yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ wa tán lóko, bàbá mi sì ń wá ìbọn. Méjì ló wà nílẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ tí èmi àti rẹ̀ lọ. Owó èyí tó tóbi kọjá agbára bàbá mi. Èkejì jẹ́ ìbọn òyìnbó kékeré tí ẹnu rẹ̀ há débi pé ìka mi tó kéré jù kò wọ̀ ọ́. Alágbẹ̀dẹ ro àdín sínú ọ̀pá rẹ̀ kí ìpẹtà lè kúrò, ó fi òwú dí i lẹ́nu, ó nu ara rẹ̀ gbẹ, ó sì gbé e lé orí àpótí. Mo jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀, ìlà olómi kan tó tínrín bí irun yọ lára irin náà.

"Bàbá, ìbọn yìí ń làágùn."

Alágbẹ̀dẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, èmi náà ń làágùn. Ṣé wọn ò ní rà mí ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, ó sì sanwó. Mo fi etí aṣọ mi nu ìlà náà kí ìbọn wa lè mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irin tó bá ti sán ni àdín máa ń gbà jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ìbọn náà bẹ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lóko, ó sì gba ìka méjì.

Mọ́kàndínlógún ni mo ti yẹ̀ wò báyìí. N kì í nù wọ́n títí n ó fi wo gbogbo ara wọn. Mẹ́rin ló làágùn.