Ìpè Oúnjẹ Lola Usting

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé aláfojúdi ni Senda Bagares, kó wá bá mi. Ó pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń kó àwọn àlejò lọ sórí odò wa ní erékùṣù Bohol, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, àwọn àlejò láàárín wa nínú kayáàkì, àwọn ọkọ̀ oníke tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Kí iṣẹ́ yìí tó dé, imọ̀ ọ̀pẹ etí odò ló ń gé, tó ń gán an pọ̀ fún òrùlé. Apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó máa ń jágbe mọ́ àlejò bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n: "Ẹ rọra tu omi! Kí lomi ṣe yín?" Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín.

Ibi tí odò ti ṣẹ́rí ni ilé Lola Usting wà, ilé oparun tó dúró lórí òpó, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi. Ìyá àgbà ló ń jẹ́ Lola lédè wa. Opó ni màmá yìí, òun nìkan ló ń gbé. Tó bá ń jẹun lọ́sàn-án tó rí wa, á ké sí wa pé, "Ẹ wá ká jẹun o!" Àwa náà á dáhùn pé, "A ti yó, Lola! Ó máa gba ibi ire!" A ó sì kọjá. Ebi ìbáà máa ta wá nínú, a ti yó náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ahun ni ẹni tó ń jẹun tí kò pe ẹni tó ń kọjá. Ẹni tí wọ́n pè tó lọ jókòó ti oúnjẹ, wọn ò kọ́ ọ nílé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin àlejò kan bi Senda pé kí ni màmá yẹn ń wí. Senda ní, "Ó ní ká wá jẹun." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó túmọ̀ ìpè, kò túmọ̀ èsì. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ti wọ́ kayáàkì wọn gun ẹrẹ̀, wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn Lola, inú wọn ń dùn. Lola wo Senda, Senda wo Lola. Màmá bu ìrẹsì rẹ̀ fún wọn, ó rọra ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò.

Fọ́tò yẹn ni Wilmar rí. Wilmar ló ni àwọn ọkọ̀ náà.

Ó ní, "Àǹtí Senda, èyí mà dára ju odò fúnra ẹ̀ lọ! Ẹ máa yà níbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ọ̀gá, ìyá arúgbó ni. Oúnjẹ rẹ̀ ò tó nǹkan."

"Ṣé kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló ń pè wọ́n ni?"

Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó rẹ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán wà lọ́dọ̀ ìdílé etí odò. Ṣé ẹ mọ ohun tó fún Lola? Agbòjò kan tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí lára. Agbòjò! Àwọn adìẹ màmá ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja gbígbẹ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò ń tán lọ, síbẹ̀ tó bá ti rí wa báyìí, á pè wá. Kò lè ṣàì pè wá. Mo ní kó dákẹ́ nígbà tá a bá ń kọjá, ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó jalè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dé ibẹ̀, fèrèsé wà ní títì. Èéfín ń jáde látinú ilé ìdáná. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè màmá tó ń gbàlejò. Senda gun òkè lọ, ó yọjú láàárín oparun. Mo tẹ̀ lé e, èmi náà yọjú. Lola Usting lóṣòó sí kọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo àwo, ó ń jẹun láìmira, kí a má baà gbọ́ ọ. Arúgbó bíi tirẹ̀.

Senda sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi! Wọ́n ti gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ síbòmíì."

Ìsàlẹ̀ odò ló kọrí sí, tààrà sí ilé Wilmar. Wilmar wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè omi pẹ̀lú ìyàwó àti ìyá ìyàwó rẹ̀, odindi adìẹ sísun wà níwájú wọn, àwọn aládùúgbò sì jókòó sí iwájú ilé tiwọn. Ó rí wa. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó pariwo pé, "Ẹ wá ká jẹun o!"

Senda dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá! Ebi ń pa wá gan-an!"

Gbogbo wa gòkè. Ẹ ò bá rí ojú ìyàwó rẹ̀. Àwọn àlejò jẹ adìẹ náà dé eegun, wọ́n ha ìkòkò ìrẹsì, wọ́n ní oúnjẹ yìí mà pọ̀ o. Wilmar ń fi ẹ̀rín bo ìtìjú títí Senda fi dìde, ló bá sáré tẹ̀ lé e dé etí omi.

"Àǹtí Senda, ta ló ní kẹ́ ẹ kó wọn wá sílé mi?"

"Ẹ̀yin lẹ pè wá. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

"Ẹnu lásán mà ni! Wọ́n kàn máa ń pè ni! Èèyàn kì í wá!"

Senda ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Wilmar wo ẹ̀yìn, ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró sókè àtẹ̀gùn tòun ti ìkòkò òfìfo lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kúrò lára pátákó. Kò lé Senda lẹ́nu iṣẹ́, kò tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kankan ò sì yà lọ́dọ̀ Lola mọ́. A lọ sọ fún un pé a ò ní yà mọ́, a bẹ̀ ẹ́ kó ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sán bá ti pọ́n, fèrèsé yẹn á tì gbọin. Ó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí òun tóun bá ń jẹun mọ́.